Iyán Ìyá Hamidat

Ẹ má pè mí ní olóore o. Ẹni tó bá pè mí bẹ́ẹ̀ báyìí, ìjà la máa jà. Orúkọ mi ni Ṣèyíọlá. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni mí, ìyá mi ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní káńsù, èmi sì wà ní Poli, mo ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìṣirò. Ẹnu mi mú. Ìyá mi máa ń sọ pé bí wọ́n bá ní kí n gbé ẹnu mi sílẹ̀ kí n tó wọlé, ìta ni màá sùn. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń fi rẹ́rìn-ín. Mi ò fi rẹ́rìn-ín mọ́.

Àwa mẹ́sàn-án la kó ara wa jọ tí a ní a fẹ́ máa kọ́ àwọn ọmọ abúlé lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sẹ́ni tó rán wa. Láti oṣù kìíní, gbogbo ọjọ́ Sátidé la máa ń wọ mọ́tò kúrò ní Ọ̀wọ̀, a ó bọ́ sílẹ̀ ní oríta, a ó gun ọ̀kadà wọ Ìmẹ̀rí, a ó sì kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò WAEC lóṣù karùn-ún ní ilé ìwé girama kan níbẹ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí ilé ìwé náà ti ní tíṣà ìṣirò gbẹ̀yìn. Ọmọ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló wà ní kíláàsì, bóyá mẹ́rin ló mọ bí wọ́n ṣe ń pín nǹkan sí ìdá.

Kí n má purọ́, lọ́sẹ̀ kejì ni mo ti mọ̀ pé apẹ̀rẹ̀ la fi ń pọnmi. Ohun tí èèyàn ń fi ọdún mẹ́fà kọ́, ta ló lè fi Sátidé mẹ́rìndínlógún kọ́ ọ? Àwọn kan ń sùn. Àwọn kan ti oko dé, erùpẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Bí mo bá ń darí bọ̀ nírọ̀lẹ́, mo máa ń rò ó pé n ò ní lọ mọ́. Ṣùgbọ́n Hamidat wà níbẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Hamidat, ó tẹ́ẹ́rẹ́, híjáàbù aláwọ̀ búlúù tó ti ṣá ló máa ń wọ̀. Bí mo bá kọ ìbéèrè sójú pátákó, kò ní gbórí sókè títí yóò fi ṣe é tán. Yóò wá ní, "Àǹtí, ó ti jáde." Lọ́jọ́ kan, mo ń fọ́nnu lọ níwájú pátákó, ló bá nawọ́. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbàgbé láti yọ méje kúrò lókè yẹn." Inú kọ́kọ́ bí mi. Mo wò ó, òótọ́ ni. Mo bú sẹ́rìn-ín, gbogbo kíláàsì náà rẹ́rìn-ín, òun nìkan ni kò rín.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló fẹ́ ṣe. Bàbá rẹ̀, Jamaldeen, já bọ́ lórí ọ̀pẹ nígbà ọyẹ́ tó kọjá. Wọ́n gbé e sáàárín èèyàn méjì lórí ọ̀kadà, wọ́n ń gbé e bọ̀ ní Ọ̀wọ̀, kò dé ibẹ̀. Hamidat ló sọ ọ́ fún mi. Kò sunkún. Ó kàn ní, "Àǹtí, ká ní ẹnì kan mọ ohun tó yẹ kó ṣe fún un lọ́nà ni." Ọjọ́ yẹn ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní, "Gbọ́ mi. Bí gbogbo àwọn yòókù bá fìdí rẹmi, ìwọ máa jókòó síbi WAEC yìí, o sì máa yege. Èmi Ṣèyíọlá ni mo sọ bẹ́ẹ̀." Ẹ ò rí i bí ẹnu mi ṣe ń yá.

Ìyá rẹ̀ ń jẹ́ Àbẹ̀ẹ́bí, àmọ́ Ìyá Hamidat ni gbogbo èèyàn ń pè é. Kì í ṣe ọmọ Ìmẹ̀rí. Ìsàlẹ̀ Ìfọ́n lọ́hùn-ún ni ọkọ ti fẹ́ ẹ wá. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ ló ń tà lẹ́nu géètì ilé ìwé, inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ. Ilé Hàmídù, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ni wọ́n ń gbé. Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni mo tó wá gbọ́ pé láti ọjọ́ tí Jamaldeen ti kú ni Hàmídù ti ń sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀ pé ọkùnrin tó ti ń gun ọ̀pẹ fún ogún ọdún kì í ṣàdédé já bọ́, pé nǹkan ló tì í. Kò sẹ́ni tó pe obìnrin náà ní àjẹ́ lójú rẹ̀. Wọ́n ń dúró de ẹni tó máa bá wọn bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni.

Èmi ni alága ẹgbẹ́ wa. Lọ́sẹ̀ kan nínú oṣù kẹta, Ìyá Oyèníyì, tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà ní kíláàsì, gbé ọsàn àti ẹ̀pà wá fún wa. A jẹ ẹ́ tán pátápátá. Kingsley, ọ̀kan nínú àwa mẹ́sàn-án, tó jẹ́ pé ikùn rẹ̀ ló ń ṣáájú rẹ̀ dé ibi gbogbo, kó ìyókù sápò. Inú mọ́tò nígbà tí à ń bọ̀ ni ẹnì kan ti ní ọdún tó kọjá, àwọn ẹgbẹ́ mìíràn gba iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ òbí títí tí àwọn èèyàn fi ní ọmọ ẹni tó bá gbéṣu wá nìkan ni wọ́n ń kọ́. Orí mi gbóná. Èmi? Kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ sí èmi? Lọ́jọ́rú, mo pèpàdé, mo kọ òfin sínú ìwé: a kò ní jẹ, a kò ní mu, a kò ní gba ohunkóhun lọ́wọ́ òbí kankan. Gbogbo wọn buwọ́ lù ú. Kingsley ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ sunkún bó ṣe ń buwọ́ lù ú, a fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, a ní kí àwọn òbí wá, ká lè bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má máa kó àwọn ọmọ lọ sóko lọ́jọ́ ẹ̀kọ́. Wọ́n wá tó ogún, wọ́n jókòó sábẹ́ igi ọsàn. Bí ọ̀rọ̀ ṣe parí báyìí, la rí Ìyá Hamidat tó ń bọ̀, abọ́ tánganran ńlá lórí rẹ̀, Hamidat ń gbé ìkòkò ọbẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn. Ó kúnlẹ̀ níwájú mi. Ìyá tó tó ẹni ogójì ọdún kúnlẹ̀ fún mi!

Ó ní, "Ẹ̀yin tíṣà wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ń sọ gbogbo ohun tí ẹ ń ṣe fún un. N ò ní nǹkan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi èyí panu."

Ó ṣí aṣọ tó fi bo abọ́ náà. Iyán ni, ó funfun, ooru ṣì ń jáde lára rẹ̀. Àkùkọ kan ṣoṣo tó ní ló pa sínú ọbẹ̀ náà. Hamidat ń wo ojú mi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i tó ń rẹ́rìn-ín.

Ilé wo ni wọn ò ti kọ́ ọmọ ní èyí? Bí o ò bá fẹ́ jẹ, o ó fọwọ́ kàn án. O ó bu ìwọ̀n èékánná, o ó fi kan ẹnu, o ó ní ó dùn, o ó ní ọ̀nà ló yá ni. Kò sẹ́ni tó máa wọn ohun tó o jẹ. Ìyá mi àgbà ti kọ́ mi kí n tó mọ ìwé kà. Ó tún fi kún un pé bí èèyàn bá kọ oúnjẹ ẹnì kan láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn, ẹ̀sùn ló fi kàn án yẹn. Mo mọ̀ ọ́n o. Kì í ṣe pé n ò mọ̀.

Mo ní, "Ẹ ṣé o, mà. Àwa ò ní jẹ ẹ́."

Kingsley fẹnu sí mi létí, ó ní, "Ṣèyí, jẹ́ ká fọwọ́ kàn án, ká máa lọ." Ohùn tó fi bẹ̀ mí yẹn gan-an ló bí mi nínú. Ó dà bíi pé ó fẹ́ ba òfin mi jẹ́ lójú gbogbo ayé. Mo gbóhùn sókè, mo ní, "Kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án! Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án!"

Ìyá Hamidat ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó ní, "Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?" Mo ní rárá o, mo rẹ́rìn-ín, mo gbé báàgì mi. Ìyá Oyèníyì wo abọ́ iyán náà, ó wo èmi tí mo jẹ ọsàn rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wá rọra sún ìjókòó rẹ̀ sẹ́yìn. Nínú mọ́tò, mo ń sọ̀rọ̀ nípa ìwà mímọ́ títí a fi dé Ọ̀wọ̀, bíi bíṣọ́ọ̀bù. Inú mi dùn. Ọlọ́run ló mọ̀, inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tí a padà lọ, Hamidat nìkan ló jókòó lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀. Àwọn tó máa ń bá a jókòó ti sún lọ sẹ́yìn. Lẹ́nu géètì, ìkòkò ọ̀lẹ̀lẹ̀ ìyá rẹ̀ kún síbẹ̀ títí a fi parí ẹ̀kọ́. Mo bi Hamidat pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ó ní, "Kò sí nǹkan kan, Àǹtí." Ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀lẹ̀lẹ̀ náà ò dín. Kingsley wá bi ọlọ́kadà tó ń gbé wa. Ọlọ́kadà ní, "Ṣé ẹ̀ ń bi mí ni? Ẹ̀yin ọmọ Poli kọ́ lẹ rí nǹkan nínú oúnjẹ obìnrin yẹn? Aláàkóso yín kígbe pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Gbogbo ìlú ló gbọ́."

Kingsley ò sọ pé, "Mo sọ fún ọ." Ì bá sọ ọ́, ì bá sàn fún mi.

Mo bá pinnu pé ẹnu tó ba nǹkan jẹ́ ló máa tún un ṣe. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ibà ti mú mi fún ọjọ́ mẹ́rin, mò ń lo oògùn, oúnjẹ ò wọlé. N ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo dé ẹnu géètì, mo jókòó ti Ìyá Hamidat, mo pariwo kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́. "Ẹ wá wò ó o! Ọ̀lẹ̀lẹ̀ Ìyá Hamidat ni mo fẹ́ jẹ! Òfin wa ló ní ká má gba nǹkan lọ́wọ́ òbí, kò sí nǹkan kan nínú oúnjẹ rẹ̀!" Mo jẹ ọ̀kan. Mo jẹ ìkejì. Àwọn èèyàn dúró, wọ́n ń wò. Obìnrin náà ò rẹ́rìn-ín. Ó ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ó tó, ọmọ mi. Ó tó bẹ́ẹ̀." Mo ní kò tó. Mo jẹ márùn-ún, epo ń ṣàn lọ́wọ́ mi.

Kò sẹ́ni tó ra ẹyọ kan.

A ò tíì dé oríta nígbà tí mo ní kí ọlọ́kadà dúró. N ò tilẹ̀ lè sọ̀ kalẹ̀. Mo bì sójú ọ̀nà níwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù, mo bì títí mo fi ṣubú. Kingsley ń pariwo pé kí wọ́n bá òun gbé mi. Ọlọ́kadà dúró lókèèrè, ó kó ọwọ́ méjèèjì lérí. Kò tilẹ̀ gba owó rẹ̀. Ó yí ọ̀kadà padà, ó sá lọ sí Ìmẹ̀rí.

Ibà àti taifọ́ọ̀dù ni. Dókítà ní ó ti wà lára mi kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún ni mo lò lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ní kí Kingsley gba ìwé àyẹ̀wò náà, kó gbé e lọ fún Hàmídù. Ó lọ. Ó ní Hàmídù gba ìwé náà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó fún òun ní àga, ó ní kí wọ́n kà á sókè. Nígbà tí wọ́n kà á tán, ó ní, "Ọmọ dáadáa ni yín. Ìwé yìí mọ orúkọ àìsàn. Ṣé ó mọ ẹni tó rán an?"

Ìgbà tí màá fi lè dìde rìn, ó ti parí. Kò sẹ́ni tó lu Ìyá Hamidat. Wọ́n kàn gbé ẹrù rẹ̀ síta ni. Hàmídù ní kó padà síbi tí àbúrò òun ti fẹ́ ẹ wá. Ó ní Hamidat lè dúró, pé ọmọ àwọn ni, pé kó dúró ṣe ìdánwò rẹ̀. Hamidat gbé àpótí ìyá rẹ̀ rù, ó sì tẹ̀ lé e. Ó ku ọjọ́ méjìlá kí ìdánwò bẹ̀rẹ̀.

Mo pe fóònù wọn títí, kò lọ. Àwọn ẹgbẹ́ wa ti tú ká, kálukú ní òun ní ìdánwò tòun. Mo ń béèrè lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ tó ń ná Ìfọ́n lójoojúmọ́, wọ́n ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé ṣé ọkọ mi ló sá lọ. Ìdánwò ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹnì kan tó ní òun já obìnrin kan àti ọmọ rẹ̀ oníhíjáàbù sílẹ̀ ní ọ̀nà oko kan. Ìṣirò ló máa kàn lọ́jọ́ kejì. Mo rò ó pé, bí ó bá lè ṣe ìṣirò àti àwọn tó kù, bóyá ọdún tó ń bọ̀ yóò wá ṣe àwọn tó ti kọjá. Mo ti bá ìyá mi sọ ọ́, Hamidat máa sùn lọ́dọ̀ wa, mo máa gbé e lọ sí Ìmẹ̀rí láàárọ̀ fúnra mi, mo máa dúró tì í lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kó kọ́kọ́ bá ẹnu mi pàdé.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí mo dé ahéré wọn. Wọ́n jókòó níta, wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́. Ìkòkò kan wà lórí iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń hó, òórùn iṣu sísè gba gbogbo ibẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Ìyá Hamidat ní, "Ẹ dìde, tíṣà. Ara yín ti le?" Ohùn rẹ̀ kò korò. Ó gbé àpótí fún mi kí n jókòó. Kò fún mi lómi. Oòrùn pa mí láti ìdí ọ̀nà dé ibẹ̀, wọ́n rí i pé òógùn bo ojú mi, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó bu omi fún mi.

Mo tọrọ àforíjì. Ó ní, "Ó ti tán." Mo wá kọjú sí Hamidat, mo ní ọ̀la ni ìṣirò, mo ní ibi tí yóò sùn wà, kó dìde ká lọ, mọ́tò ń dúró. Mo ń yára sọ̀rọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ò dúró lórí ẹ̀gẹ́.

Nígbà tí mo dákẹ́, ó ní, "Àǹtí, àwọn ará oko yìí ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Awakọ̀ tó gbé wa wá ló sọ ọ́ fún wọn."

Mo ní, "Kí ni ìyẹn kàn ọ́? Ìdánwò rẹ ni kó o rò!"

Ó gbórí sókè, ó wò mí bó ṣe máa ń wo pátákó. Ó ní, "Bí mo bá lọ, ta ló máa bá màmá mi jẹun?"

Ìyá rẹ̀ fi etí ìró bo ojú, ó ń sunkún. Mo dìde, mo lọ síbi ìkòkò, mo ní, "Màmá, ebi ń pa mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi níṣu. Ẹyọ kan. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n jẹ ẹ́."

Ó nu ojú rẹ̀. Ó dìde wá, ó fi ara bo ìkòkò náà, ó gbé ìdérí lé e.

Ó ní, "Rárá, ọmọ mi. Ọ̀nà yín jìn. Bí nǹkan bá tún ṣe yín lọ́nà ńkọ́?"

Hamidat sìn mí dé ojú títì. Ó fi ìwé ìbéèrè àtijọ́ tí mo fún un lé mi lọ́wọ́, ó ti wé e sínú láìlọ́ọ̀nù, ó ní kí n gbé e fún Oyèníyì. Gbogbo ìbéèrè inú rẹ̀ ló ti ṣe tán, títí dé ojú ewé tó kẹ́yìn. Mo kà á nínú mọ́tò. N ò rí èyí tó ṣì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ní Ìmẹ̀rí. Ọmọ méjìdínlọ́gbọ̀n ló wọlé. Wọ́n fi nọ́ńbà Hamidat sórí tábìlì rẹ̀ bó ṣe yẹ, wọ́n sì gbé ìwé ìbéèrè síbẹ̀, nítorí pé òfin ni. Oyèníyì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì náà. Mo rí i láti ojú fèrèsé bó ṣe rọra sún àga rẹ̀ kúrò níbẹ̀.